Ìwé Mẹ́fà Lára Ògiri

"Kò tíì sí ìwé tí wọ́n tẹ̀ láyé yìí tó lè purọ́ fún àtàǹpàkò mi!"

Bí ọkùnrin oníférémù náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn, á sì na àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó fẹ́ fi dí oòrùn lójú. Ìdí rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Àtàǹpàkò nìyẹn. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àfi lára ìwé owó iná lèèyàn ti lè rí i.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń kan férémù nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tó fẹ̀yìn ti ilé ìtẹ̀wé. Sátífíkéètì ló ń bọ́ ọ. Bí ọmọ bá ṣe tán nílé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ Àtàǹpàkò ni bàbá ọmọ ń gbé ìwé náà sáré wá kí òógùn ọwọ́ tó bà á jẹ́. Àtàǹpàkò á gbà á, á fi ìka yẹn pa etí ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, á gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá, á gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ti kan, á wá kéde: "Ojúlówó!" Bí kò bá jẹ́ ojúlówó, á dá a padà láìsọ nǹkan kan, á wá nu àtàǹpàkò náà mọ́ ṣòkòtò.

Ẹ má sì rò pé ẹnu lásán ni. Ọkùnrin kan gbé ìwé dókítà eyín wá rí. Àtàǹpàkò fọwọ́ kan òǹtẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ọ̀gá, lára ọ̀dùnkún ni wọ́n ti gbẹ́ òǹtẹ̀ yìí." Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn agbófinró fi wá gbé dókítà ọlọ́dùnkún lọ, eyín tó ti fà láìtọ́ sì kún abọ́ méjì. Láti ọjọ́ náà ni ìgbéraga ti lẹ̀ mọ́ ọkùnrin wa yìí lára bíi gọ́ọ̀mù.

"Àti pé," á fi kún un, "bí àgbà kì í bá wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi kì í wà ní ṣọ́ọ̀bù kí férémù wọ́. Ẹni tó bá rí férémù mi kan ṣoṣo tó wọ́, kó wá gba ayùn mi kó máa gbé e lọ."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń nu dígí lẹ́nu ọ̀nà á dáhùn láìgbé ojú sókè: "Èmi fẹ́ odindi ọkùnrin tó wọ́ sílé. Ṣé ìyẹn náà kà?"

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́, òun náà sì ń pa á mọ́ bí ẹni pa ẹyin ojú mọ́: oníférémù kì í ka ìwé oníwèé. "Etí ìwé ni tìrẹ," ni ọ̀gá náà máa ń wí. "Àárín rẹ̀, ti ẹni tó ni ín ni." Òfin yẹn lọ́gbọ́n nínú. Ìwé ikú ń wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà ń wọ ibẹ̀, ọkùnrin kan tiẹ̀ wà tó ní kí wọ́n fi igi aláwọ̀ wúrà yí tirẹ̀ ká, kí wọ́n sì ṣe é kíákíá. Bí oníférémù bá wá ń ka gbogbo rẹ̀, ojú wo ni yóò fi máa kí aládùúgbò? Nítorí náà, Àtàǹpàkò mọ ìwúwo ìwé, ó mọ òǹtẹ̀, ó mọ tàdáwà ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti gègé. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín, ńṣe ló ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo èèrà tó tò lọ sí ihò rẹ̀.

Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn. Òun ló gba ilé mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí ibi tí wọ́n lè fi owó wọn sí kó lè gbèrú. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Lẹ́tà, nítorí káàdì tó ń pín kiri: orúkọ rẹ̀ wà níwájú, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún sì tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin tí orí kan ṣoṣo ń fà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí lẹ́tà wọ̀nyẹn dúró fún, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, táì rẹ̀ kì í yẹ̀, ó sì máa ń kí èèyàn tọmọdé tàgbà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ́fíìsì ni. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi férémù sí mẹ́fà yìí."

Àtàǹpàkò tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ó pa ti àkọ́kọ́ létí. "Ojúlówó!" Ó pa èkejì. "Ojúlówó!" Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹfà, tí òǹtẹ̀ wúrà rẹ̀ yọ sókè bí eéwo tó pọ́n, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún omijé.

"Ọ̀gá, ọdún mélòó lẹ fi kàwé yìí?"

Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ìwé ò lè tán nílẹ̀."

Ẹ kíyè sí i pé kò purọ́. Nígbà tó lọ tán, ìyàwó Àtàǹpàkò na ọrùn sórí tábìlì. "Kí ni wọ́n kọ sínú wọn?"

"Ìwọ obìnrin yìí, ta ní ń ka tinú rẹ̀? Gbé e wò! Ṣé o rí bó ṣe wúwo?"

"Òkúta náà wúwo," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì padà sídìí dígí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Àtàǹpàkò fi ṣe férémù mẹ́fà náà. Ó rẹ́ igun igi kọ̀ọ̀kan títí abẹ́rẹ́ kò fi lè wọ àárín wọn. Ó fúnra rẹ̀ lọ gbé wọn kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì náà, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, ó sì fi okùn wọ̀n wọ́n kí wọ́n má bàa ga ju ara wọn lọ. Ògiri náà kún fún ọlá. Bí ẹ bá wọlé síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin náà ì bá ti fi owó yín sílẹ̀, kó tó di pé ẹ jókòó.

Wàyí o, Àtàǹpàkò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, kò sì ní ẹlòmíràn. Ìyá wọn kú nígbà tó wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n yìí ló sì gbé e dàgbà. Aṣọ ló ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan: aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì, ọgbọ̀n ọdún gbáko, lórí ìdúró. Nínú owó aṣọ lílọ̀ yẹn ló ti san owó iṣẹ́ férémù tí àbúrò rẹ̀ kọ́. Ojú obìnrin náà mú. Bí ìlà ọrùn aṣọ bá fi bí ìbú irun orí kan yẹ̀, á gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wò ó, á sì dá aṣọ náà padà sórí tábìlì.

Ọkọ rẹ̀ ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ńlá sókè ní ilé iṣẹ́ tó ń rọ irin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà dúró pẹ̀lú ẹrù lófuurufú. Wọ́n pè é láti ìsàlẹ̀, kò jẹ́. Nígbà tí wọ́n gùn ún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ọ̀pá ìdarí, ṣùgbọ́n òun ti lọ. Wọ́n ní ó ṣẹ́gun ikú débi pé kò jẹ́ kí ẹrù náà já lu ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú owó ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti lẹ́tà mìíràn tó sọ pé kí obìnrin náà jáde kúrò nínú ilé tí ilé iṣẹ́ fi wọ́n sí kí ọdún tó yípo.

Opó náà kò janpata. Ó ti rí ilé kan: yàrá méjì lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ìyá àgbà tó ni ín yóò kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìparí ọdún, ó sì ti ṣèlérí pé òun kò ní í tà á fún ẹlòmíràn. Owó tó wà lọ́wọ́ opó fi díẹ̀, díẹ̀ péré, dín sí iye tí ìyá náà ń pè é.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. "Àbúrò, ṣé o mọ ẹnì kan tó mọ̀ nípa owó, tí kì í sì í ṣe olè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi!" Àtàǹpàkò lu tábìlì tí ìṣó fi ń fò. "Ẹ wá ń béèrè omi lọ́wọ́ ẹni tó kọ́lé sétí odò! Mo mọ ìwé ọkùnrin náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi."

"Ìwé rẹ̀ lo mọ̀ ni, àbí òun fúnra rẹ̀?"

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì náà, ògiri ni Àtàǹpàkò kọ́kọ́ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó rántí pé ẹnì kan jókòó sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo igun yẹn! Ẹ wo bí dígí náà ṣe ń dán! Hẹ̀n-ẹ́n, ọ̀gá náà rèé."

Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà dìde, ó fún opó náà ní àga tó dára jù. Ó fara balẹ̀ gbọ́rọ̀. Ó ní òun mọ ilé iṣẹ́ kan tó ń gba owó, tí yóò dá a padà láàárín oṣù mẹ́wàá pẹ̀lú èrè, tí àlàfo tó kù lórí owó ilé náà yóò sì dí. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sórí orúnkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ọmọ mi," ó wí, "ta ló ń ṣọ́ yín?"

"Mà?"

"Mo ń bá àwọn nọ́ọ̀sì lọ aṣọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan wà, ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ kọjá ọjọ́, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni aṣọ rẹ̀ fi so kọ́ lọ́dọ̀ mi, mo ti lọ̀ ọ́ tán. Bí nọ́ọ̀sì bá fún èèyàn lóògùn òdì, ibì kan wà tí wọ́n ti lè gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá fi owó mi sí ibi tí kò yẹ, ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa fẹjọ́ yín sùn?"

Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà wo ògiri. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu.

Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, Àtàǹpàkò ti fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí! Irú ìbéèrè wo nìyẹn lábẹ́ ìwé mẹ́fà? Èmi tí mo fi ọwọ́ kan wọn ni mò ń sọ fún yín! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ! Ọ̀gá, ẹ má bínú, ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọn ò mọ nǹkan."

Obìnrin náà wo àbúrò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bó ṣe máa ń wò ó ní kékeré nígbà tó bá jí àkàrà jẹ tó sì ń nu ẹnu.

"Ó dáa, Àbúrò. Ìwọ lo mọ̀."

Ó sì fọwọ́ sí i.

Oṣù mẹ́wàá lọ bí ẹni ń jó lórí òróró. Lẹ́tà ń dé, ìwé rẹ̀ nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dùn ún wò, Àtàǹpàkò sì ń pa etí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń kéde wọn. Opó ti ra aṣọ fèrèsé. Ó ti wọn fèrèsé tó kọjú sí oòrùn náà, ó gé aṣọ rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a sínú àpótí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó yẹ kó lọ gba owó rẹ̀, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí yẹn náà. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó mu ún tán. Ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ó sùn.

"Wọ́n ní kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Ilé iṣẹ́ tó gba owó náà ti dẹnu kọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló lọ. Mo bá ìyá àgbà náà pàdé lọ́nà. Mi ò mọ ohun tí mo lè wí fún un, mo kàn kí i."

Ìyàwó Àtàǹpàkò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àtàǹpàkò ní tirẹ̀ kò sunkún. Ó mú òòlù, ó bọ́ síta, ó ń sáré, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké pé òun á fọ́ orí olè lónìí. Àwọn obìnrin méjèèjì tẹ̀ lé e pé kó má lọ di apànìyàn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó dá a lójú pé yóò bá ọ́fíìsì náà lófìfo, pé olè ti kó táì rẹ̀ ó ti sá lọ, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà ń bẹ níbẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ ògiri, láìsí táì, imú rẹ̀ ń ṣàn bí ti ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Owó ìyá tèmi náà wà níbẹ̀," ó wí.

Òòlù jábọ́ lọ́wọ́ Àtàǹpàkò, ó bà á lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo jó yí yàrá náà ká kó tó lè rí ohùn sọ̀rọ̀. "Ayédèrú! Ayédèrú èèyàn! Ìwé rẹ, ayédèrú!"

"Bàbá, èwo ni ayédèrú nínú wọn? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ojúlówó ni."

Àtàǹpàkò fa àga, ó gun orí rẹ̀, ó gbé imú rẹ̀ súnmọ́ dígí àkọ́kọ́. Ẹ rántí òfin ọ̀gá rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò ka àárín ìwé kankan rí. Lọ́jọ́ náà, ó kà á, ó ń sọ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Àkọ́kọ́ ní ọkùnrin yìí wà níbi ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń tajà fún ẹni tí kò fẹ́ rà. Èkejì ní ó san owó ẹgbẹ́ fún ọdún kan, ọdún náà sì ti kọjá ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, ó mọ kọ̀ǹpútà lò. Ẹ̀kẹrin, ilé iṣẹ́ tó dẹnu kọlẹ̀ yẹn gan-an ló fi yìn ín pé òun ló bá wọn mú oníbàárà wá jù lọ.

Ohùn Àtàǹpàkò ti ń lọ sílẹ̀. "Ìkarùn-ún... ìkarùn-ún ní ó sọ̀rọ̀ dáadáa níwájú èrò."

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa lóòótọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹfà ló kù, olóǹtẹ̀ wúrà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lẹ́kún lọ́jọ́ kìíní. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́rìí pé ẹni tó ni ín mọ bí a ṣe ń lo agolo ìpaná, àti ọ̀nà tí èèyàn ń gbà jáde nígbà tí ilé bá ń jó.

Kò sí èyí tó sọ pé ọkùnrin náà lè dá sí owó ẹnikẹ́ni. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, Àtàǹpàkò kò mọ èyí tí inú ń run. Òótọ́ ni ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òótọ́ nípa nǹkan mìíràn ni.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí Mọ́mì béèrè. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dákẹ́. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Ẹ yìn mí tó bẹ́ẹ̀, Bàbá, tí èmi náà fi gbà á gbọ́."

Àtàǹpàkò sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Kò lè wo ẹ̀yìn. Ó mọ ẹni tó dúró síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, opó kó kúrò nílé ilé iṣẹ́. Kó tó di ẹrù, ó mú ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, èyí tó ní àmì ìpẹtà lọ́rùn ọwọ́, ó lọ̀ ọ́. Ó lọ̀ ọ́ nílà nílà, kọ́là, apá, àpò, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ń wẹ̀ lọ́wọ́ nínú ilé, tí yóò jáde wá béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ká a. Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń di àpótí, kò sì rí okùn náà mọ́ nítorí omi ojú.

Obìnrin aládùúgbò kan wọlé wá bá wọn kẹ́dùn. "Ẹ ṣe sùúrù. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè gan-an ni wọ́n gbé lọ," ni opó náà wí. "Omi ṣì kù díẹ̀ nínú ìkòkò, ẹ bu mu bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín."

Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín pákó àti dígí tí wọ́n tò ti ògiri. Àtàǹpàkò ní kó wá gba yàrá tòun, ó kọ̀. Kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Láràárọ̀, á jí, á gbá èérún pákó nílẹ̀, á kí àbúrò rẹ̀, á sì jókòó. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Aṣọ fèrèsé náà wà nínú àpótí bó ṣe ká a.

Àtàǹpàkò kò na ìka sókè mọ́. Bí wọ́n bá gbé sátífíkéètì wá, á kà á láti òkè délẹ̀, kọ́mà àti gbogbo rẹ̀, á sì máa bi oníwèé ní ìbéèrè títí àwọn kan fi gbé tiwọn lọ ibòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ nígbẹ̀yìn pé, "Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n rẹ bi í lọ́jọ́sí, ta ló ń ṣọ́ wọn, ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ wá ìdáhùn rẹ̀?"

Ìdáhùn wà. Ọ́fíìsì ìjọba kan ni, ọ̀nà rẹ̀ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gbọ̀ngán náà kún. Gbogbo àwọn tí ilé iṣẹ́ yẹn jẹ run ló tò síbẹ̀: bàbá àgbà kan ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ń ṣépè, obìnrin kan ń sunkún láìdúró, ó sì ń fi owó ọkọ̀ tó fẹ́ fi padà sílé nu ojú láìmọ̀.

Akọ̀wé obìnrin tó jókòó lẹ́yìn tábìlì tẹ orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà. "Kò sí níbí."

"Ẹ tún un wò," ni Àtàǹpàkò bẹ̀bẹ̀. "Ó ní lẹ́tà mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn."

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ló lè to lẹ́tà. Ẹni tó bá yege ìdánwò, tí a fún ní àṣẹ láti gba èèyàn nímọ̀ràn owó, nọ́ńbà la ń fún un. Ọkùnrin yìí kò ní nọ́ńbà. Kò ní in rí."

"Owó wa ńkọ́?"

"A máa pè é wá rojọ́. Ilé ẹjọ́ náà lè gbọ́ sí i." Obìnrin náà wo opó, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Owó ni n kò lè ṣèlérí, Mà. Ká ní ẹ kọ́kọ́ wá béèrè ni, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà."

"Ta ló mọ̀ pé èèyàn lè wá béèrè?" ni bàbá àgbà tó mú ọ̀pá kígbe, gbogbo ìlà sì gbè é lẹ́sẹ̀. "Ṣé ẹ sọ fún wa ni?"

Akọ̀wé náà kò jà. Ó fi bíírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ògiri ẹ̀yìn wọn. Gbogbo wọn yí padà.

Férémù ńlá kan wà níbẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, igi dúdú, dígí nípọn. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi bí ẹsẹ̀ adìẹ: KÍ O TÓ FI OWÓ RẸ LÉ ẸNIKẸ́NI LỌ́WỌ́, BÉÈRÈ NỌ́ŃBÀ RẸ̀. WÁ WO ORÚKỌ RẸ̀ NÍBÍ. Ọ̀FẸ́ NI.

Àtàǹpàkò rìn súnmọ́ férémù náà. Ó mọ igi náà. Òun ló rẹ́ ẹ. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, iṣẹ́ tó tóbi jù tó ṣe rí, tó fi yangàn kiri àdúgbò fún odidi oṣù kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dojú bolẹ̀ lé ìwé yẹn lórí, imú rẹ̀ kò jìn sí àwọn ọ̀rọ̀ náà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń yìn ín pé ìwé rẹ̀ nípọn.

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín gbọ̀ngán. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ọwọ́ mi ló kàn án! Ọwọ́ tí ẹ fi owó aṣọ lílọ̀ tọ́! Ó wà níwájú mi, mi ò kà á, mo tún ní kí ẹ̀yin dákẹ́..." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Bàbá àgbà tó mú ọ̀pá gbàgbé èpè, ó ń ké. Akọ̀wé pàápàá yọ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Gbogbo gbọ̀ngán ń retí ohun tí opó náà yóò wí, bóyá yóò dárí jì í ni, bóyá yóò gégùn-ún.

Opó náà kò tíì yíjú sí ẹnikẹ́ni. Ó ń kàwé. Ó ka gbogbo rẹ̀ parí, ó fi ìka tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tó kà á tán, ó gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó. Ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà tẹ orí tiwọn sí ẹ̀gbẹ́.

"Igun òsì yẹn wọ́," ó wí.